Ta Ni Ó Ni Akọni Náà?

Ẹ̀yin ọmọ kan wà tí ẹ máa ń já ìwé ìròyìn yìí gbà kí àwọn òbí yín tó ṣí i. Lóṣù yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ka ojú-ìwé yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn wà nínú rẹ̀, àwọn ni wọ́n sì máa ń fọwọ́ sí ìwé nínú ilé.

Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, mo wà nínú kíláàsì kejì girama ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni níbí ní Port Harcourt, mo ń ṣàlàyé àlùwàlá. Mo ti dé orí ẹsẹ̀ fífọ̀ nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé ọmọdékùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn kò tíì gbójú sókè láti ìgbà tí a ti wà lórí ẹnu yíyọ̀. Mo rọra rìn lọ bá a. Ẹ̀yìn ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó ń ya àwòrán sí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tì í sínú àpótí tábìlì mi, mo sì padà sórí ẹsẹ̀ fífọ̀.

Ìgbà ìsinmi ni mo tó wò ó. Ìwé ìtàn aláwòrán ni, irú èyí tí àwòrán àti ọ̀rọ̀ jọ ń rìn ní àpótí-àpótí, tí àwọn ọmọ ń pè ní kọ́míìkì. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀ tó dé fìlà abetí-ajá, etí fìlà náà sì nà gbọọrọ bí ìyẹ́ àwòdì. Agbádá tó wọ̀ fẹ̀ tó òrùlé ilé mẹ́rin. Ojú sánmọ̀ ni ó wà, ó ń fi apá agbádá rẹ̀ sẹ́ èéfín dúdú bí ìgbà tí ìyá wa ń sẹ́ ògì, ojú ọ̀run sì ń mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, àwọn obìnrin tó sá aṣọ sórí okùn ń pàtẹ́wọ́. Agbálẹ̀ Òfurufú ni orúkọ tí ọmọ náà sọ ọ́.

Ẹni tí kò bá gbé ìlú yìí lè má mọ ìdí tí aṣọ orí okùn fi ṣe pàtàkì nínú ìtàn náà. Láti ìparí ọdún 2016 ni èéfín dúdú kan ti ń bà lé wa lórí ní Port Harcourt. Ó ń bà lé ojú fèrèsé, ó ń wọ ihò imú, ó sì ń sọ aṣọ funfun di aláwọ̀ eérú kí ó tó gbẹ. Epo rọ̀bì tí àwọn kan ń fọ̀ lọ́nà àìtọ́ lẹ́bàá odò wà lára ohun tó ń fà á. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ́tótó ìrun, mo ti wọ jàlàbíà funfun lọ kí Jímọ́ọ̀ rí, tí èjìká rẹ̀ sì ti dúdú kí n tó dé mọ́ṣáláṣí. Nítorí náà, nígbà tí mo rí ọkùnrin alágbádá yìí, ojú-ìwé 11 ni mo ṣí tán, n kò sì gbọ́ agogo tó dún.

Mo ránṣẹ́ pe bàbá ọmọ náà. Télọ̀ ni wọ́n ní Mile 3, ní Diobu, ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n sì ń ṣe. Bí wọ́n ṣe wọlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: “Áfáà, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ti owó ilé-ìwé ni, ẹ fún mi di ìparí oṣù.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ti owó.” Mo ṣí ìwé náà fún wọn. Mo rò pé wọn yóò bínú. Wọ́n tẹjú mọ́ agbádá inú àwòrán náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá sọ pé, “Ó mọ bí a ṣe ń gé ọrùn agbádá o.”

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n padà wá fúnra wọn pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Oníbàárà wọn kan tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló rí ìwé ọmọ náà lórí tábìlì ìgé-aṣọ. Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Yóò san ₦15,000 ní owó-kò-wọ́lẹ̀. Ìwé tó mú wá kò ju ìlàjì ojú-ìwé lọ, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí bàbá àti ọmọ gbé àwòrán, orúkọ akọni, àti gbogbo ìtàn tí ọmọ náà ti kọ àti èyí tí yóò tún kọ nípa rẹ̀ sílẹ̀ fún òun, níbi gbogbo láyé, títí láé. Bàbá fẹ́ kí n bá wọn fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Inú wọn dùn, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ₦15,000 náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbèsè owó ilé-ìwé náà rẹ́.

Mo ní kí wọ́n jókòó kí n sọ ìtàn àwọn ọmọ télọ̀ kan fún wọn. Òun náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kan pàdé ní ilé-ìwé girama. Jerry Siegel ń kọ ìtàn, Joe Shuster ń ya àwòrán. Ọmọ àwọn Júù tó ṣí wá láti Yúróòpù ni àwọn méjèèjì. Télọ̀ ni bàbá Shuster. Bàbá Siegel ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1932 nígbà tí àwọn olè wọlé wá bá a. Ìṣẹ́ pọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, débi pé ìwé tí wọ́n fi ń di ẹrù ọjà ni Shuster máa ń ya àwòrán sí nígbà mìíràn. Láti 1933 ni wọ́n ti ń gbé ọkùnrin kan tó ti ayé mìíràn wá sọ́kàn, ẹni tó lágbára ju ènìyàn lọ, tí ń gba ẹni tí a ń jẹ níyà sílẹ̀. Superman ni wọ́n pè é. Wọ́n gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn olówó ìwé ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tó gbà á.

Ní oṣù kẹta ọdún 1938, ilé-iṣẹ́ kan gbà á. Ojú-ìwé 13 ni ìtàn náà, dọ́là 10 ni wọ́n san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 130, àwọn méjèèjì ló sì jọ pín in. Ọmọ ọdún 23 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí sọ pé ilé-iṣẹ́ náà ló ni Superman láti ọjọ́ náà lọ. Ìwé ìròyìn Action Comics àkọ́kọ́, èyí tó gbé e jáde, ní oṣù kẹfà 1938 lójú rẹ̀, sẹ́ǹtì 10 ni wọ́n sì ń tà á. Lẹ́yìn náà ni Superman wọ orí rédíò, tó wọ sinimá, tó wọ ara aṣọ àti ìṣeré ọmọdé.

Kí n má ṣe fi ìtàn dídùn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀: àwọn ọmọ méjèèjì kò kú sí ìṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ náà ń gbé iṣẹ́ yíyà àti kíkọ fún wọn, wọ́n sì rí owó tó dára fún ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbàṣe ni wọ́n lórí oko tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ro. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù ní 1947, wọn kò rí Superman gbà. Wọ́n fún wọn ní owó tó tó dọ́là 94,000 láti fi parí ẹjọ́, wọ́n sì yọ orúkọ wọn kúrò lórí iṣẹ́ náà. Ojú Shuster ń ṣú, ẹni tó yẹ kó máa fi ojú jẹun. Ó di ẹni tí ń bá ilé-iṣẹ́ jíṣẹ́ láàárín ìgboro. Ní 1975, nígbà tí wọ́n ń múra sinimá ńlá ti Superman tó jáde ní 1978, Siegel kọ lẹ́tà sí àwọn oníròyìn, ìtìjú sì mú ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n gbà láti máa san dọ́là 20,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, wọ́n sì dá orúkọ wọn padà. Shuster kú ní 1992, Siegel ní 1996.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Sọ̀wédowó tí wọ́n fi san dọ́là 130 náà, pẹ̀lú owó iṣẹ́ mìíràn tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 412, ṣì wà. Ní 2012 wọ́n fi ṣe gbàǹjo, wọ́n sì ta bébà lásán náà ní dọ́là 160,000. Ní 2024, ẹ̀dà kan péré nínú ìwé ìròyìn sẹ́ǹtì 10 yẹn lọ ní mílíọ̀nù 6 dọ́là.

Bàbá ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Télọ̀ ni bàbá ẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo tún sọ ti Batman tó tẹ̀lé e ní 1939. Bob Kane ni ìwé àdéhùn mọ̀, orúkọ tirẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ń kọ. Bill Finger tó bá a ronú aṣọ akọni náà, tó kọ ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́, kò ní bébà kankan lọ́wọ́. Ó kú ní 1974. Ọdún 2015 ni orúkọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kane. Nítorí náà, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé burúkú wà nínú ewu, ẹni tí kò sì ní ìwé rárá kò bọ́ nínú rẹ̀.

“Òyìnbó nìyẹn,” ni Bàbá wí. “Àwa ńkọ́?”

Ìbéèrè tó dára ni, nítorí pé ọdún 1938 kan náà ni D. O. Fágúnwà, olùkọ́ bíi tèmi, tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ẹ má ṣe gbà á fún mi pé kọ́míìkì ni. Ìwé ìtàn àròsọ ni. Mo sì mọ̀ pé àwọn áfáà kan kò fẹ́ràn iwin àti ẹbọra inú rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí àwọn ọmọ Cleveland ń ya ẹni tí ń fi ọwọ́ gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sókè, ọkùnrin kan láti Òkè-Igbó ti ń fi Yorùbá kọ ìtàn ọdẹ tó ń bá ẹbọra jà. A kò yá inú rírò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwòrán ni ó pẹ́ kí a tó gbà sọ́wọ́ ara wa. Ìran àwọn bàbá wa mọ Lance Spearman dáadáa, akọni inú ìwé African Film tí ilé-iṣẹ́ Drum ń tẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Fọ́tò ni wọ́n fi ń sọ ìtàn rẹ̀, bí Atọ́ka ṣe ń fi fọ́tò sọ ìtàn àwọn òṣèré Yorùbá láti 1967. Bàbá mi lè júwe fìlà Spearman fún ọ títí di òní, ṣùgbọ́n mo bi wọ́n pé ta ló kọ ìtàn náà, wọn kò mọ̀.

Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Bardon Press ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe kọ́míìkì kan fún títà ní Nàìjíríà. Powerman ni orúkọ rẹ̀, akọni aláwọ̀ dúdú tí ń fò lójú òfurufú. Don Avenell àti Norman Worker ló ń kọ ọ́. Dave Gibbons àti Brian Bolland, ọ̀dọ́ ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì méjì, ló ń pín yíyà rẹ̀ ṣe. Gbogbo àpótí àwòrán ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí, kí àwa ará Nàìjíríà lè mọ èyí tí ó yẹ ká kọ́kọ́ kà. Àwa tí a ti ń ka Atọ́ka láti ọjọ́ pípẹ́! Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní Bìrìtìkó ní 1988, Powerbolt ni wọ́n pè é, nítorí pé Marvel ní Amẹ́ríkà ti ní Power Man tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i o: orúkọ lásán, ó ní olówó.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni Captain Africa jáde, ọwọ́ Andy Akman, ọmọ Gánà, ló sì ti wá. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kọ́, ìtàn òfurufú ti ń sún mọ́lé.

Ẹnì kan tó yẹ kí á wò dáadáa nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ya akọni tí ń fò rárá. Wálé Adénúgà dá Ikebe Super sílẹ̀ ní 1976. Kì í ṣe ìwé tí mo lè gbé sórí tábìlì yàrá ìgbàlejò ilé Mùsùlùmí, n kò sì ní kí ẹ wá a kiri fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n rẹ̀. Òun ló ya Papa Ajasco, òun ló ń tẹ̀ ẹ́, kò sì ta á. Nígbà tó tó àkókò, ó sọ ọ́ di sinimá ní 1984, ó tún sọ ọ́ di eré orí tẹlifíṣọ̀n, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ló sì ń ṣe é. Ta ni nínú yín tí kò mọ Papa Ajasco?

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ní 2013, Jide Martin dá Comic Republic sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n gbé Guardian Prime jáde, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì fi í sí kí ọmọ tí kò lówó lè kà á. Roye Okupe, tí a bí ní Èkó, tó sì lọ sí Amẹ́ríkà ní 2002, kò rí ẹni tó fẹ́ náwó sí akọni tó wá láti Nàìjíríà. Ó tọrọ ìrànwọ́ lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé fúnra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì tẹ E.X.O. jáde ní 2015 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Nítorí pé ó ti ní ọjà tirẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà bá a ṣe àdéhùn ìwé 10 ní 2021, bí onílé ló ṣe jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà ni Iyanu, ìtàn ọmọbìnrin aláìlóbìí kan ní ilẹ̀ Yorùbá, tí Godwin Akpan ya àwòrán rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025 ó bẹ̀rẹ̀ lórí Cartoon Network. Okupe fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó darí rẹ̀.

Níbí ni Bàbá ti wò mí lójú. “Áfáà, ẹ̀yin mọ gbogbo èyí, ẹ̀yin ti tà rí ni?”

Mo ti tà rí. N kò tíì kọ ọ́ sínú ojú-ìwé yìí rí. Ní 2014, ọdún tí àjọ UNESCO sọ Port Harcourt di olú-ìlú ìwé lágbàáyé, ìlú àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba oyè náà, ọ̀rọ̀ ìwé ń jà ràìnràìn nígboro wa. Èmi náà, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ni, kọ ìwé kékeré kan láti fi kọ́ ọmọdé ní ìrun, pẹ̀lú ọmọkùnrin kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ń béèrè ìbéèrè. Ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan san ₦20,000 fún mi, mo fọwọ́ sí ìwé wọn láìkà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò pẹ́ púpọ̀ sí ìsinsìnyí ni ọmọbìnrin mi mú orúkọ àwọn ìwé tí a ó rà wálé láti ilé-ìwé tirẹ̀. Ìwé mi wà níbẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo san owó rẹ̀. Ọmọ mi ń ka ọ̀rọ̀ mi sí mi létí, kò mọ̀ pé èmi ni.

Bàbá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ká ìwé àdéhùn náà padà, wọ́n fi sápò.

Kí n tó dé ibi tí a parí rẹ̀ sí, ẹ jẹ́ kí n dá alàgbà kan lóhùn, ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Àsárì, tó sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, “Ìwọ áfáà, o ń ti ọmọ lẹ́yìn kí ó máa ya ohun ẹlẹ́mìí, kí ó sì máa fi ènìyàn ṣe ẹni tí ń fò.” Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí àwòrán. Àwọn kan kọ̀ ọ́ pátápátá, àwọn kan gbà á fún ẹ̀kọ́ àti fún ọmọdé. N kò ní gun orí àga ìdájọ́ nínú ojú-ìwé yìí. Kí olúkúlùkù bi áfáà tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ti fífò, mo bi ọmọ náà pé níbo ni akọni rẹ̀ ti rí agbára. Ó ní aṣọ òfì tí ìyá rẹ̀ àgbà hun ní Ìsẹ́yìn ni agbádá náà. Alàgbà ní, “Ẹ ò rí i? Oògùn ni.” Ọmọ náà ní, “Rárá, bàbá àgbà. Híhun rẹ̀ ló há, bíi ti ìbomú ìgbà kòrónà.” Alàgbà rẹ́rìn-ín láìfẹ́.

Àwọn Mùsùlùmí mìíràn ti bá ìbéèrè yìí jà ju tiwa lọ. Naif Al-Mutawa, onímọ̀ ìlera ọpọlọ ní Kuwait, gbé kọ́míìkì kan tó ń jẹ́ The 99 jáde ní 2006. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn Mongol pa Baghdad run ní 1258: ìmọ̀ inú ilé-ìkàwé rẹ̀ wọ inú òkúta iyebíye 99, àwọn ọmọ káàkiri ayé sì wá rí òkúta náà, wọ́n rí agbára gbà nínú rẹ̀. Àwọn kan yìn ín gidigidi. Ṣùgbọ́n nítorí pé orúkọ ẹwà Ọlọ́hun ni ó gbé ìwà àwọn akọni náà kà, àwọn onímọ̀ àgbà ní Saudi Arabia fi fátíwà kọ̀ ọ́ ní 2014. Tèmi, mo gbà pé èrò ọkùnrin náà dára, mo sì gbà pé ibi tó gbé ẹsẹ̀ lé yọ̀. Agbádá òfì kò yọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ padà sórí tábìlì ìgé-aṣọ ní Mile 3. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá ní ọjọ́ Sátidé. Ohun tí mo ní lọ́wọ́ ni òfin Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, Copyright Act 2022, èyí tí ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà ti wí, ẹni tó ya àwòrán ló ni ín láti ìgbà tó ti yà á sínú ìwé, kò dìgbà tó bá gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ̀tọ́ náà wà títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì tún jẹ́ ti àwọn ajogún rẹ̀ fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé kò dandan kí ó gbé gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ó lè fi ààlà sí i, bóyá ti ọdún, bóyá ti ibi tí wọn yóò ti tà á, bóyá ti irú ìlò kan ṣoṣo.

Bàbá kò lóye èyí tó kẹ́yìn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń rán agbádá fún oníbàárà. Ó san owó, ó gbé agbádá lọ. Ṣé ó gbé pátánì yín lọ pẹ̀lú?”

“Láéláé!”

“Bí ó bá sọ pé òun fẹ́ pátánì náà ńkọ́, àti pé ẹ kò gbọdọ̀ fi rán aṣọ fún ẹlòmíràn mọ́ títí láé?”

Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì wọn lélẹ̀. “Ìyẹn ẹ̀, iye tó máa san á yàtọ̀.” Wọ́n sì tún fi ti ilẹ̀ Ìsẹ́yìn kún un fúnra wọn: wọ́n ní bàbá àwọn fi ilẹ̀ fún àwọn àlejò dáko rí, ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń san lọ́dọọdún, kò sí ẹni tó ta ilẹ̀.

Àwa méjèèjì jókòó, a tún ìwé náà kọ. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì kọ Yorùbá rẹ̀ sábẹ́ kí Bàbá lè rí ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí. Atẹ̀wé náà lè tẹ ẹ̀dà 1,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láàárín ọdún 2. Orúkọ ọmọ náà gbọ́dọ̀ wà lára èèpo ìwé. Bí ó bá fẹ́ tẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó padà wá sọ̀rọ̀. Agbálẹ̀ Òfurufú fúnra rẹ̀, àti gbogbo ìtàn rẹ̀ tó ń bọ̀, ti ọmọ náà ni. A kò fọwọ́ kan ₦15,000 náà. A kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún sọ fún wọn pé kí wọ́n mú un fún agbẹjọ́rò kan nínú ìjọ wa wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i, nítorí pé olùkọ́ kéú ni mí, n kì í ṣe lọ́yà. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ó ṣe àtúnṣe sí ọ̀rọ̀ méjì.

Atẹ̀wé gba ìwé tuntun náà, ó ní òun yóò lọ kà á. Títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, kò tíì padà wá, agbádá tó gbé wá fún rírán sì ṣì wà lára ìkọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Gbèsè owó ilé-ìwé náà ṣì wà nílẹ̀. Bàbá san díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdé tó kọjá, wọn kò sì bá mi wí.

Ọmọ náà ti parí ìtàn kejì. Òkun tí epo bò ni Agbálẹ̀ Òfurufú ń bá jà nínú èyí, ní ẹ̀gbẹ́ Okrika lọ́hùn-ún, ìlú tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ aṣọ àlòkù lẹ́nu gbogbo wa. Àfi kí n má ṣe sọ bó ṣe parí. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú ìwé náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní lẹ́tà ABD, lẹ́ẹ̀kan ní lẹ́tà kéú tí mo kọ́ ọ, ó sì tóbi ju orúkọ akọni náà lọ. Bàbá rẹ̀ ló bá a di ẹ̀yìn ìwé náà. Wọ́n gbé e sábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n sì fi òwú dúdú rán an gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀.